Ẹ Sọ Ti Èèyàn Kí Ẹ Tó Sọ Ti Ẹrù

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà àti àròkọ. Mo mọ bí a ṣe ń pín ìpínrọ̀, mo sì mọ ibi tó yẹ kí àmì ìdánudúró máa wà. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìntì, tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, yàrá kan lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lójú ọ̀nà Másífà, ní Èjìgbò wa níbí, ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí a ṣe ń kọ gbólóhùn tó wúlò fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná lọ́wọ́ mi, nítorí inú mi ṣì ń dùn sí i bí ìgbà tó jẹ́ pé àná ló ṣẹlẹ̀.

Ìyàwó mi kú nígbà òjò ọdún tó kọjá. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ yìí ni pé láti ọjọ́ náà n kò kọ nǹkan kan mọ́. Òun ló máa ń kọ́kọ́ ka ohunkóhun tí mo bá kọ, ìbáà jẹ́ ìwé ìpàdé ẹbí. Ẹ̀yìn ni yóò ti ṣí i. Yóò ní, "Bàbá wọn, ojú ewé kẹta ni ọ̀rọ̀ yín máa ń wà. Kí lẹ wá ń fi méjì àkọ́kọ́ ṣe?" N ó bínú díẹ̀, n ó sì gé e. Nígbà tí kò sí ẹni tí yóò ṣí ìwé mi láti ẹ̀yìn mọ́, mo pa bírò tì.

Ọmọbìnrin àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fà mí jáde. Àbíjàn ni wọ́n bí ọmọ náà sí, bíi ti ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ ní kọ́ọ̀lù sẹ́ńtà, ìyẹn ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó sí láti máa dáhùn ìpè àwọn oníbàárà. Ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń dùn ló torí rẹ̀ padà wálé. Nígbà tó dé, ó lọ bá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń ná Èjìgbò sí Àbíjàn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa bá wọn gba ìpè. Kò sí agbo ilé kan níbí tí kò ní ẹni tó ń lọ tàbí ẹni tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Bí ọkọ̀ bá pẹ́, odindi ẹbí ni yóò ya wọ gáréèjì láti wá jà. Ilé iṣẹ́ náà fún un ní oṣù mẹ́ta láti fi dán an wò. Bí ìjà gáréèjì bá dínkù, iṣẹ́ di tirẹ̀. Bí kò bá dínkù, Èkó ni wọn yóò gbé ìpè wọn lọ, òun yóò padà sí Àbíjàn lọ wá iṣẹ́, àwọn mẹ́fà tó kó jọ yóò sì padà sílé lọ jókòó.

Ó wá bá mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

"Tọ́ńtọ́n," ó ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ Àbíjàn ṣe ń pe ọkọ àǹtí wọn, "ẹ bá wa kọ ọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ohun tí àwọn tó ń gba ìpè yóò máa sọ. Èyí tí wọ́n fún wa láti Èkó le bí igi. Wọ́n kà á fún ìyá àgbà kan lánàá, ìyá ní ṣé ẹ̀rọ ló ń bá òun sọ̀rọ̀ ni àbí ọmọ èèyàn."

"Mi ò kọ nǹkan mọ́."

"Mo mọ̀, sà. Ọjọ́ wo ni kí n wá gbà á?"

Mo kọ ọ́. Ojú ewé mẹ́rìnlá! Mo fi ìkíni síbẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ ìṣáájú síbẹ̀, mo fi òwe méjì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Mo wọ aṣọ tó dára, mo gbé e lọ. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yí tábìlì ká, íáfóònù tí wọ́n fi ń gbọ́ ìpè wà lọ́rùn wọn. Wọ́n gbé e fún obìnrin kan láti Másífà, ẹni tí ohùn rẹ̀ tóbi jù láàárín wọn, pé kó kà á. Ó ka ojú ewé kìíní, ó mí. Ó ka èkejì, ó gbé e sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú o," ó ní. "Kí n tó ka èyí tán, ọkọ̀ á ti dé Àbíjàn, á ti kó èrò, á sì ti padà dé."

"Á tiẹ̀ ti tún lọ," ni ọkùnrin tó jókòó tì í wí. "Dírẹ́bà náà á ti fẹ̀yìntì bíi ti Bàbá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò rín láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí mo mọ ẹni tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún mi rí. Mo gba ìwé mi lọ́wọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àga kan ní kọ̀rọ̀ àti íáfóònù kan.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gbọ́ láì sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí báyìí bí èèyàn ṣe lè mú ìkọ̀wé rẹ̀ dára sí i, ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ fún un nìyẹn: kí ó lọ gbọ́ àwọn tí yóò gbọ́ ọ. Ẹ wo àwọn ohun tí mo gbọ́!

"Alóò! Ṣé ẹ̀yin ni ọkọ̀?"

"Àwa ni, mà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ooru. Ṣé àwọn ọmọ ń bẹ? Ìyàwó bàbá mi ní kí n kí yín."

"A dúpẹ́, mà. Wọ́n ń bẹ."

"Ọkọ̀ dà?"

Ọkùnrin kan pè láti Àbíjàn, ó fi Faransé bẹ̀rẹ̀ ìbínú rẹ̀, nígbà tí ìbínú náà dé góńgó ó padà sí Yorùbá, ó ní Faransé kò ní èébú tó pọ̀ tó. Bàbá kan láti Ìsundunrin kò bèèrè ohunkóhun. Ó kàn fẹ́ kí a sọ fún dírẹ́bà pé kó má sáré, pé àbíkẹ́yìn òun wà nínú ọkọ̀. Mo ń kọ gbogbo ìbéèrè wọn sí ẹ̀yìn ìwé ìdánwò àtijọ́ tí mo kó láti ilé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo rí i pé bí wọ́n ṣe ń wọ aṣọ oríṣiríṣi fún ìbéèrè náà tó, mẹ́rin péré ni: Níbo ni ọkọ̀ dé? Ṣé ẹni tèmi wà nínú rẹ̀? Ṣé ẹrù mi ti dé? Ìgbà wo ni kí n wá? Ẹ̀karùn-ún wà tí etí mi kò gbọ́ nígbà yẹn. N ó dé ibẹ̀.

Mo lọ sílé, mo gé ojú ewé mẹ́rìnlá sí mẹ́rin, ìbéèrè kan fún ojú ewé kan. Mo ń ka gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sókè fún ara mi nínú balùwẹ̀. Ibi tí èémí bá ti tán mi, mo mọ̀ pé gbólóhùn ti gùn jù, mo sì gé e níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí n kò lè sọ lójú káfíńtà tó ń tún àga mi ṣe, mo yọ ọ́. "Ní ti ìdádúró tó wáyé lójú ọ̀nà" di "Ọkọ̀ pẹ́." Ọjọ́ tí mo gbé e padà, obìnrin Másífà kà á láìdúró, ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀hẹ́n! Èyí ń jáde lẹ́nu." Mo ti gba ìwé ẹ̀yẹ rí nígbà iṣẹ́ ìjọba. Kò dùn mọ́ mi tó ìyẹn.

Láti ìgbà náà, mo ti ń dé ibẹ̀ kí aago mẹ́jọ tó lù. Kò sí ẹni tó pè mí. Àwọn ará Èkó tó kọ ìwé àkọ́kọ́ ti ní kí a má jẹ́ kí oníbàárà kí wa pẹ́, pé ìkíni ń jẹ àkókò. A dán an wò ní ọjọ́ kan, ó burú. Ẹni tí a kò jẹ́ kó kí wa tán, ìjà ló kù tí yóò fi kí wa. A wá fi í ṣe ìlànà pé kí a jẹ́ kí àgbà kí wa tán, kí a dáhùn dáadáa, lẹ́yìn náà kí a bi í pé kí la lè bá a ṣe. Ìpè kò gùn sí i. Ó tiẹ̀ kúrú, nítorí ẹni tí a dá lóhùn kì í tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo gbé pátákó ìkọ̀wé dúdú mi àtijọ́ wá, a gbé e kọ́ sára ògiri. A fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà síbẹ̀, ibi tí kálukú dé àti aago tí dírẹ́bà sọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa pe àwọn dírẹ́bà. Kò gba ìpè mìíràn, kí ó má baà sí pé ohun tí èèyàn mẹ́fà ń sọ yàtọ̀ síra. A gbé obìnrin Másífà lọ sẹ́bàá fèrèsé, nítorí ohùn rẹ̀ ń wọ fóònù àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, tí oníbàárà tiwọn sì ń dá a lóhùn. Ẹni tí wọ́n bá bú gan-an yóò bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò mu omi, yóò wo ìgboro fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó gba ìpè mìíràn, nítorí èébú tí a kò bá mí sóde, orí oníbàárà tó tẹ̀ lé e ni yóò dà sí. Bí a kò bá sì mọ ìdáhùn, a ó sọ pé a kò mọ̀, a ó dá aago tí a ó padà pè. Bí aago náà bá pé tí a kò tíì mọ nǹkan kan, a ó pè láti sọ pé a kò tíì mọ̀. Ìyẹn ya àwọn èèyàn lẹ́nu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìjà gáréèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi ń kọrin lórí àtẹ̀gùn.

Ìgbà náà ni mo ṣe àṣìṣe mi.

Kò kù ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kí oṣù mẹ́ta pé. Wọ́n bi mí pé báwo ni kí àwọn ṣe sọ ọ́ bí ìròyìn kò bá dára, bí ẹrù bá sọnù tàbí tó bàjẹ́. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà: Ẹ má sọ ohun tí kò dára lórí fóònù. Ẹ ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, kí wọ́n máa bọ̀ ní ọ́fíìsì, kí ẹ sọ ọ́ fún wọn ní ìjókòó. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wọn náà nìyẹn. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ní kò dára. Ọmọ Àbíjàn yẹn nìkan ló wò mí díẹ̀.

"Ní ọ̀hún, a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀, Tọ́ńtọ́n."

"Èjìgbò nìyí," mo ní.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, sà."

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ kan kó ẹrù dé. Òjò ti pa àpò ńlá kan tó kún fún aṣọ. Ìyá kan ní Ìsundunrin ló ni ín. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló fi í ránṣẹ́ ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń bọ̀ nínú ọkọ̀ kejì. Obìnrin Másífà gbé fóònù, ó sì tẹ̀ lé ìwé mi bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ gba máàkì.

"Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ máa bọ̀ ní ọ́fíìsì wa."

Mo gbọ́ ohùn ìyá náà láti ibi tí mo wà. "Kí ló dé? Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ẹ sáà máa bọ̀, mà. Tí ẹ bá dé, ẹ ó gbọ́ ọ." Ó bojú wo àpò náà, ó rí i pé omi ti jẹ́ kó wúwo, ó sì ṣàánú ìyá náà. "Ẹ má dá nìkan wá o, mà. Ẹ mú èèyàn dání."

Kò pé wákàtí kan tí mọ́tò méjì àti ọ̀kadà bíi márùn-ún fi dúró sí ìsàlẹ̀. Igbe ló kọ́kọ́ gòkè wá. Tẹ́lọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Àwọn obìnrin ti tú gèlè, wọ́n so ó mọ́dìí. Àlùfáà mọ́ṣáláṣí wọn wà níbẹ̀, pásítọ̀ wọn wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀sìn méjèèjì ló wà nílé náà. Èèyàn méjì di ìyá náà mú ní apá.

"Níbo lẹ tẹ́ ẹ sí?" ó ń bi gbogbo wa. "Ẹ jẹ́ kí n rí ojú rẹ̀. Níbo lẹ tẹ́ ẹ sí?"

Ọmọ àbúrò ìyàwó mi sáré sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin Másífà tẹ̀ lé e, ó gbé àpò sórí, omi ń kán sí i lára. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ìyá náà.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án.

"Àpò?" ni ìyá náà wí.

"Àpò ni, mà. Òjò ló pa á."

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó wà lọ́nà, mà. Ó ń bọ̀ lọ́la. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é."

Bàbá kan láàárín wọn ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ fẹ́ẹ́ pa wá! Ta ló kọ́ yín níṣẹ́ yìí? Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣubú kí n tó rí bàtà!" Àlùfáà wo pásítọ̀, pásítọ̀ wo àlùfáà, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀kan, ó ran èkejì. Ìyá náà jókòó lórí àpò tútù náà, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bú wa, ó sì ń gbàdúrà fún wa, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Èmi dúró lórí àtẹ̀gùn. Ìbàdàn ni mo wà ní ọjọ́ tí ìyàwó mi kú. Ẹnì kan nínú ẹbí pè mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa bọ̀ nílé. Ẹ má wa mọ́tò fúnra yín." Kí a tó dé Ìwó ni mo ti mọ̀, síbẹ̀ mo fi gbogbo ọ̀nà tó kù sọ fún ara mi pé n kò mọ̀. Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, mo mọ ohun tó ń ṣe fún ẹni tó gbọ́ ọ, mo sì tún jókòó, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ láti máa kà. Ìbéèrè karùn-ún tí n kò gbọ́ láti ẹnu oníbàárà kankan, ìyá yẹn ti bèèrè rẹ̀ lójú gbogbo ayé: Ọmọ mi ńkọ́?

Ẹnì kan ti pe ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, máníjà wọn ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun yóò jókòó tì wá, òun yóò gbọ́, ibẹ̀ ni òun yóò sì ti pinnu. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi kò bá mi wí. Ó kàn to àwọn àga sí ààyè wọn. "Tọ́ńtọ́n," ó ní, "ẹ tún un kọ."

Ní Àbámẹ́ta, gbogbo wa wà níbẹ̀. Mo fa ìlà kọjá lórí ìlànà àtijọ́, mo kọ tuntun sára pátákó: Ẹ sọ ti èèyàn kí ẹ tó sọ ti ẹrù. Lẹ́yìn ìkíni, gbólóhùn àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ "Ara ọmọ yín le," tàbí "Ara gbogbo èrò le." Kí ẹnikẹ́ni má fi "ẹ fọkàn balẹ̀" bẹ̀rẹ̀, ohun tí yóò fi ọkàn wọn balẹ̀ gan-an ni kí ó sọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ohun tí a ń ṣe sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ aago tí a ó tún pè.

"Bàbá," ni ọkùnrin tó máa ń jókòó ti obìnrin Másífà wí, "bí ara èèyàn ọ̀hún kò bá wá le ńkọ́?"

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. A fa ọ̀rọ̀ náà títí. Ẹnì kan ní kí a sọ ọ́ tààrà. Ẹnì kan ní òun kò lè fi ẹnu òun sọ ọ́. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi ló rí ojútùú rẹ̀, òun tí wọ́n tọ́ ní Àbíjàn.

"Ẹ̀yin lẹ ní a kì í sọ ọ́ lórí fóònù," ó ní. "Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a má fi fóònù pè rárá. Bí irú ọjọ́ yẹn bá dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ la ó fi lọ sílé wọn, èmi àti àgbà kan. Fóònù wa kò gbọdọ̀ gbé e."

Mo rò ó wò. Mo dìde dúró! Nítorí bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí a bá fi fóònù pè ti mọ̀, kí a tó la ẹnu, pé ẹni tirẹ̀ wà láàyè. A kò sọ àṣà nù. A fún un ní iṣẹ́ tó ṣe kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gba ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ ní gbólóhùn kan tí ọmọdé lè há sórí: Bí fóònù wa bá dún, èèyàn yín wà láàyè. Ní ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ Ajé, a gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, gáréèjì àti ọjà, ní Èjìgbò, ní Másífà, ní Ìsundunrin. Èmi àti obìnrin Másífà la lọ sí Ìsundunrin. Bàbá tó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì gbà wá lálejò, ó ní kí n tún gbólóhùn náà sọ, ó ní, "Èyí dára. Kí lẹ ò ti fi èyí bẹ̀rẹ̀?"

Máníjà dé ní aago mẹ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó gbé íáfóònù sí etí, ó jókòó sí àga mi ní kọ̀rọ̀. Ìpè ń lọ geere. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹni tó ń pe àwọn dírẹ́bà dìde lójijì, ó lọ sí pátákó, ó nu ìlà kan, ó sì kọ ọ́ pé ọkọ̀ ti bàjẹ́ lẹ́yìn bodè, jíà ti kú, kò sí ẹni tó fara pa, ó di ọ̀la kí wọ́n tó wọlé.

Èrò tó wà nínú ọkọ̀ náà lé ní àádọ́ta. Gbogbo wa mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ìròyìn ẹnu bá ṣáájú wa dé ìgboro.

"A ò ní dúró kí wọ́n pè wá," ni ọmọ àbúrò ìyàwó mi wí. "Àwa la ó pè wọ́n. Gbogbo wọn. Báyìí." Ó gé ìwé tí orúkọ èrò àti nọ́ńbà ẹbí wọn wà nínú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó pín in. Ọwọ́ kò ká a. Ó gbé fóònù kan sí iwájú mi. "Tọ́ńtọ́n, ẹ jókòó."

Èmi tí mo ti kọ ọ́ fún wọn lóṣù méjì, n kò tíì gbé ìpè kan rí! Mo tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Bàbá àgbàlagbà kan ló gbé e.

"Ẹ káàsán, sà. Láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ni. Ara gbogbo èrò le, ara ọmọ yín le. Ọkọ̀ ló bàjẹ́ lẹ́yìn bodè."

"Ara rẹ̀ le?"

"Ó le, sà."

"Ẹ ti sọ èyí tó kàn mí. Ọkọ̀ yẹn, kó máa bàjẹ́ lọ, èmi kọ́ ni mo ni ín."

Mo bú sẹ́rìn-ín, mo tẹ èkejì. Ìyá kan ní, "Ẹ má sọ ọ́, mo ti mọ̀, ẹ̀yin lẹ ní bí fóònù bá ti dún, ó wà láàyè. Ó ku kí ni?" Mo tẹ ẹ̀kẹta, mo tẹ ẹ̀kẹrin. Yàrá náà ń hó bí ọjọ́ ọjà, "Ara wọn le" ní apá ọ̀tún, "Ara wọn le" ní apá òsì, ohùn obìnrin Másífà ń gba ojú fèrèsé jáde débi pé àwọn ọlọ́kadà ìsàlẹ̀ ń dáhùn pé, "A dúpẹ́!" Òógùn ń bọ́ lára mi, n kò sì fẹ́ kó tán.

Ìwé orúkọ ṣì kù nílẹ̀. Máníjà yọ íáfóònù kúrò létí. Ó fa tábìlì kan mọ́ra, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà, ó fi fóònù ara rẹ̀ pè.

"Ẹ káàsán, mà," ó ní, "ẹ fọkàn—"

"Rárá!" Gbogbo wa la pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin Másífà ti dìde, ó na ọwọ́ sí i bí ẹni fẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọ.

"Ara wọn le!" ni máníjà kígbe. "Ara wọn le, mà! Ara gbogbo wọn le! Ọkọ̀ ni! Ọkọ̀ lásán ni!" Ó nu iwájú orí. Ìyá tó wà lórí fóònù ń bi í bóyá ara tirẹ̀ náà le.

Aago méjì kò tíì lù tí a fi pe gbogbo wọn tán. A dúró sí fèrèsé, a ń wo ọ̀nà gáréèjì. Kò sí èrò tó ń sáré. Obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ àgbàdo lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Tẹ́lọ̀ ìsàlẹ̀ ń rán aṣọ. Máníjà pe ọ́fíìsì wọn ní gáréèjì, ó bèèrè iye èèyàn tó ti wá jà. Ó gbọ́ pé kò sí ẹnì kankan, ó ní kí wọ́n tún un sọ. Ó wá kó àwọn ìwé mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kọ láti ara pátákó, ó ká wọn, ó fi wọ́n sí àpò.

"Mo ń mú ìwọ̀nyí lọ fún àwọn dírẹ́bà, kí àwọn náà mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀," ó ní. "Ìpè kò lọ sí Èkó. Ẹ máa bá a lọ níbí."

Ó sọ̀ kalẹ̀ kí a tó dúpẹ́ tán. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi, tí kò tíì fìdí kan àga láti àárọ̀, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ojú rẹ̀ ń ṣomi.

"Tọ́ńtọ́n," ó ní, "mi ò padà sí Àbíjàn mọ́ o. Mo wà lọ́dọ̀ màmá mi."

"Ta ló tiẹ̀ ní kí ẹ padà?" ni obìnrin Másífà wí, ó ń so íáfóònù mọ́ orí. "Ẹ dìde ńlẹ̀, àǹtí. Fóònù mẹ́ta ló ń dún."